Ìgbọ̀nwọ́ Odò Wa

Òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ ló kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Sẹ́kọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ì bá dimú. Èmi dúró, mo fà á símú dáadáa, omi sì lé sí mi lójú. Bí etí odò wa ṣe ń rùn nìyẹn nígbà èwe mi.

Ìgbọ̀nwọ́ là ń pe ibi tí odò náà ti yí, torí ó tẹ̀ bí apá ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán. Abà Olóbì wà nínú ìtẹ̀ náà, Abà Ọlọ́pẹ wà lókè odò, abà tiwa sì wà nísàlẹ̀, lọ́nà Alájùé. Kò sí àṣírí láàárín wa. Bí ìhó ọṣẹ bá ti ń ṣàn bọ̀ láìdáwọ́dúró, àwọn ìyá wa á ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, ìyàwó tuntun ti dé Abà Ọlọ́pẹ, ó ń fọṣọ gbogbo ilé."

Abà Olóbì ni Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi ń gbé. A jọ máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni. Tí tèmi bá ṣàn lọ, á bu tirẹ̀ fún mi kí ìyá mi má baà nà mí. Ibà ló pa á ní kékeré. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó lọ sin ín. Bàbá mi wà lára wọn. Ìgbà tí bàbá mi darúgbó ni wọ́n tó sọ fún mi pé inú Ìgbọ̀nwọ́ gan-an ni wọ́n sin ín sí, létí ibi tí omi ti yí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà láyé, ní Sẹ́kọ̀nà. Àwọn ló ránṣẹ́ pè mí tí mo fi lọ.

"Mo ti dàgbà kọjá èèwọ̀," wọ́n ní. "Bàbá rẹ á ti sọ fún ọ. Mú mi lọ síbi tí ọmọ mi wà kí n tó kú."

Mo di apá wọn mú, a rọra rìn débẹ̀. Yéè! Katapílà ti la odò náà tààrà nítorí omíyalé. Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí Ìgbọ̀nwọ́ pa, wọ́n sì ti gbin àgbàdo sórí ẹ̀. Abà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tú, àwọn èèyàn ti kó lọ sí Ẹdẹ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n ò rí ohun tí mo lè nàka sí. Ó dùn mí wọra.

"Ìyá, ẹ má bínú, mi ò mọ ibẹ̀ mọ́."

Ìyá bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e fún mi.

"Ó ṣáà wà níbí," ni wọ́n wí.

Wọ́n wọ inú àgbàdo náà lọ, wọ́n ń rọra gbẹ́sẹ̀, bí ìyá tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn.