Okùn Pupa Ara Ìgò Ìwọ̀n

Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, obìnrin tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní Màmá Ìwọ̀n ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní ìpèníjà ọpọlọ bí a ṣe ń wọn omi, tí a sì ń po iyọ̀ sínú rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ ara ìgò ìwọ̀n máa ń dà wọ́n lójú rú. Nítorí náà, ó so okùn pupa mọ́ ìlà àádọ́ta lára ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ wọn láti kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè bá okùn dọ́gba.

"Ẹ kúnlẹ̀ fún omi!" ni yóò pariwo. Wọn a bú sẹ́rìn-ín, wọn a sì kúnlẹ̀.

Ní sáà yìí ni olùkọ́ tuntun dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi orin kọ́ni ní kíláàsì kan náà. Kò pé oṣù kan tí àwọn ọmọ fi ń sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Èyí tí ó dun Màmá Ìwọ̀n wọ eegun ni pé ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín náà ń bá wọn sáré, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún méjì kọ́ kí ọmọ náà tó lè di ìgò mú láìgbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yín," ni olùkọ́ tuntun wí fún un.

"Fi í sílẹ̀. Ọwọ́ mi kò tíì rọ."

Ọ̀gá àgbà wá kéde pé òun yóò wo bí olùkọ́ tuntun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní wíwọn omi lọ́jọ́ Ẹtì, kí òun tó pinnu ẹni tí yóò ni kíláàsì náà lọ́dún tí ń bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Màmá Ìwọ̀n ti ṣáájú gbogbo ènìyàn dé. Ó gé okùn ara ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kì wọ́n bọ àpò.

"Okùn mi ṣáà ni," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Kí olórin yẹn máa kọrin fún ìgò."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n wá okùn títí.

"Okùn dà?"

Omi kún ìgò kan, ó ya bo tábìlì. Orin dákẹ́. Ọ̀gá àgbà kọ nǹkan sínú ìwé. Inú Màmá Ìwọ̀n dùn débi pé ó fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín fa fọ́nrán òwú kan yọ láti ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ó ń fi orin ka àwọn ìlà gígùn tí ó dúró fún mẹ́wàá mẹ́wàá: ọ̀kan, méjì, títí dé ìkarùn-ún, tí í ṣe àádọ́ta. Ibẹ̀ ni ó so òwú náà mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó da omi. Omi náà gún régé.

"Ta ni ó kọ́ ọ?" ni ọ̀gá àgbà bi í.

"Bọ̀ọ̀dá kọ́ mi lórin. Màmá kọ́ mi ní okùn."

Orúkọ tirẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn! Ìyẹn gan-an gún Màmá Ìwọ̀n láyà. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọlé, ó sì kó okùn mẹ́fà náà sórí tábìlì tí ó tutù.

"Èmi ni mo gé wọn, mà."

Ọ̀gá àgbà kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Lọ́jọ́ náà ni kíláàsì di ti olùkọ́ tuntun.

Nígbà tí ilẹ̀ tòrò, ọ̀dọ́mọkùnrin náà na okùn kan sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí èmi bá so ó, ńṣe ni ó ń yọ̀ wálẹ̀."

"Orin rẹ kò lè dì í mú ni?"

Màmá Ìwọ̀n kúnlẹ̀ síwájú ìgò. Ìlara náà ṣì wà láyà rẹ̀, kò tíì yòrò. Ó so okùn náà le dan-in dan-in.