Ohun Tí Mo Yọ Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn epo pẹtiróòlù àti ti awọ àga tó ti gbó ló máa kọ́kọ́ kí ọ tí o bá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ Volkswagen ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ti rà á kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń dán. Ní Ìpọ̀nrí tí mò ń gbé ní Èkó, àwọn èèyàn a máa dúró wò ó. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà, torí wọ́n ti jí irú rẹ̀ kan gbé ní òpópónà kejì sí wa, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìyá mi ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn ní Iléṣà, mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì mi ní Pápá Àjàó. Ó fi nǹkan kékeré kan hàn mí nínú ẹ́ńjìnnì, kò ju ọmọrí ìgò lọ, òun ló ń pín iná. Ó ní tí mo bá ti yọ ọ́, kò sí olè tó lè ṣíná rẹ̀. “Ẹ má sọ fún ẹnì kankan o, Àǹtí. Ẹni tó mọ mọ́tò ló ń gbé e.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí ilé wọn kọjú sí tèmi, télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti sọ pé àwọn á máa bá mi mójú tó ọkọ̀ náà. Kí wọ́n má bàa rò pé mi ò fọkàn tán wọn, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, mo tiẹ̀ ní kí wọ́n lò ó tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni ohun tí mo yọ wà nínú báàgì tí mo gbé kọ́ apá.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí mo dé Iléṣà ni Ẹ̀gbọ́n pè mí. Ikọ́ fée ti gbé ìyàwó wọn. Mò ń gbọ́ èémí tó ń há lẹ́yìn ohùn wọn.

“Àbúrò, mọ́tò yìí ò ṣíná. Ṣé nǹkan kan wà tí o máa ń ṣe sí i ni?”

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ojú ló tì mí. Mo ní, “Ẹ tún gbìyànjú, Ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì.”

Wọ́n tún gbìyànjú. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn, tí kò sì ṣíná, títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ pé mo ti yọ nǹkan kan, pé ó wà lọ́wọ́ mi ní Iléṣà. “Ó dáa,” ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n padà rí. Ìyàwó wọn kò kú, àmọ́ wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kó tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo padà sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n pè mí, mo bá Ẹ̀gbọ́n nídìí maṣíìnì wọn, mo kúnlẹ̀. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi. “Mọ́tò ẹ ń bẹ níbẹ̀. Ẹnì kankan ò jí i.” Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọn ò sì pè mí ní àbúrò.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó ti tán, a ṣì ń kí ara wa. Yíyọ tí mo yọ nǹkan yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù, kò sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù olè. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, tí mo mọ òótọ́, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n máa yí kọ́kọ́rọ́, torí kí ojú má bàa tì mí.