Ọbẹ̀ Ẹja Lórí Mánífóòdù

Ojú èèyàn tí ẹ máa ń rí lára àpáta Zuma, èéfín ọkọ̀ ìyá àgbà kan ló yà á síbẹ̀, mo sì wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó ń yà á. A wà ní ìdajì òkè Mpape, oòrùn ń pa wá, ẹ́ńjìnnì ń kùn bí abiyamọ ajá, òórùn ọbẹ̀ ẹja sì ń gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọlé tọ̀ wá. Ìyá àgbà di sítíárì mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. Ó ní, "Má wo ẹ̀yìn. Bí o bá wo ẹ̀yìn, ọkọ̀ á rántí ilé." Ìgbà yẹn ni èéfín fò kúrò nídìí ọkọ̀, ó gba orí igbó kọjá, ó lọ lẹ̀ mọ́ Zuma. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi àpáta.

Karu là ń gbé nígbà náà, àwa àti ìyá àgbà nínú ọgbà kan. Kì í ṣe ìyá ìyá mi, kì í ṣe ìyá bàbá mi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú ọgbà yẹn tí kò jẹ ìrẹsì rẹ̀ rí, kò sì sí èyí tí kò jẹ ìgbájú rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan sílẹ̀, aláwọ̀ ewé, imú rẹ̀ gùn, bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, á dún "gbìn" bí ẹni pa àpótí dé. Ọkọ̀ yẹn ni ìyá àgbà fi ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Mpape, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tí ìyàwó wọn wà nílé lọ́hùn-ún.

Láàárọ̀, ìró ọlọ rẹ̀ ló máa ń jí wa. Lẹ́yìn náà la máa ń gbọ́ ẹja tó ń dín, tí ata á wá máa ta wá nímú lórí ẹní. Bí ọbẹ̀ bá jinná, á rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì ńlá, á dé e, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi wáyà so ó mọ́ orí mánífóòdù, ìyẹn irin wúwo tó ń gba èéfín gbígbóná lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì kó tó dé sàlẹ́ńsà. Ìrẹsì wà nínú búùtù. Kí a tó dé Mpape, ọbẹ̀ á tún ti máa hó. Àdìrò méjì ni ìyá àgbà ní, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àfi bí mánífóòdù ṣe sán lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "pá-pá-pá", kò lè fa nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ìyàwó kì í pe orúkọ mọ́lẹ́bí ọkọ, nítorí náà Akọ̀wé ni ìyá àgbà ń pè é. Irú ọkọ̀ kan náà ni òun náà ní, ṣùgbọ́n ó ti tú mánífóòdù tirẹ̀ sọnù, ó fi hẹ́dà sí i, páìpù mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ nísàlẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ ti sọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi di ẹlẹ́yà. Ẹ fi hẹ́dà sí i, tàbí kí n wọ́ ọ lọ sílé mi." Ó tẹ iná mọ́ tirẹ̀ kí gbogbo ọgbà lè gbọ́. Ewúrẹ́ wa sá wọ ilé ìdáná.

"Akọ̀wé mi, ta ló ṣẹ ọkọ̀ yín? Ó ń bínú púpọ̀."

"Agbára nìyẹn."

"Agbára tí mo mọ̀ kì í lé ewúrẹ́."

Mẹkáníìkì kan tí ìyá àgbà ránṣẹ́ pè ti dé láti Páńtẹ́kà, ọjà àlòkù irin, ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó kó hẹ́dà tuntun kan àti àlòkù mánífóòdù mẹ́ta lé e. Ó ní, "Màmá, hẹ́dà ni kẹ́ ẹ mú. Mánífóòdù, ńṣe ni èéfín mẹ́rin ń du ẹnu ọ̀nà kan. Hẹ́dà, kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ti wá ń pàdé?"

"Nísàlẹ̀, Màmá."

"Ìsàlẹ̀ ibo? Níbi tí òkúta Mpape wà?" Ó na ìka sí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ náà. "Níbo ni màá gbé ọbẹ̀ mi kà?"

Mẹkáníìkì wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo ewúrẹ́.

Ìyá àgbà ní kí n lọ mú ìgbákọ irin wá. Ó jókòó ti àwọn mánífóòdù náà, ó ń kàn wọ́n wò bí ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà. Èkíní dún "kọ̀". Èkejì dún "kọ̀". Mẹkáníìkì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta dún "kéeen", ìró rẹ̀ sì ń lọ bíi ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Èyí kò sán. Dè é."

Akọ̀wé dìde. "Ó dáa. Ní Sátidé, tí ọkọ̀ yìí bá dé òkè Mpape tòun ti ẹrù, tí ọbẹ̀ sì gbóná, ẹ ò ní gbọ́ ẹnu mi lórí rẹ̀ mọ́ títí ayé. Tí kò bá dé, mo ń gbé e lọ."

"Mo gbọ́, ọkọ mi," ni ìyá àgbà wí, ó sì kúnlẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, Akọ̀wé ló ṣíwájú, ó ń ké ramúramù, eruku rẹ̀ ni a ń jẹ. Ó sáré dé kọ́nà tó le jù, níbi tí òjò ti wú òkúta jáde. A gbọ́ "gbàwà". Hẹ́dà tó rọ̀ sísàlẹ̀ ti há sórí òkúta, ọkọ̀ rẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà fi jíà kìíní wọ́ tiwa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó sì tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun kò lè kúnlẹ̀ nídìí sítíárì, fèrè ni kó bá òun kúnlẹ̀ fún ọkọ òun.

Lókè, Hausa tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi òkúta kí i ní èdè tirẹ̀, "Kai, Mama, sannu." Ìyá àgbà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru tú jáde, ọbẹ̀ ń hó kutukutu nínú agolo. Akọ̀wé fẹsẹ̀ rìn dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, eruku kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun ni ìyá àgbà kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, orí ẹja ló fi lé e.

"Ọkọ̀ yín ló ń bínú, Akọ̀wé mi, ẹ̀yin kò bínú. Ẹ jẹun."

Akọ̀wé tọ́ ọ wò, ó fẹ́ ẹnu rẹ̀ fú-fú. "Ọbẹ̀ yìí gbóná," ló wí. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ ẹnu rẹ̀ lórí ọkọ̀ yẹn mọ́. Ìyá àgbà wà á títí ojú rẹ̀ kò fi rí títì mọ́.

Èmi náà ti darúgbó ní Karu báyìí, mo sì ní ọkọ̀ àtijọ́ tèmi. Mẹkáníìkì mi, ọmọ kékeré, fi àwòrán hẹ́dà hàn mí lórí fóònù, mo bi í pé níbo ni màá gbé ọbẹ̀ kà. Ó rò pé orí mi ti ń dà rú. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n títí dòní, n kì í ra ohunkóhun tí n kò bá tíì kàn wò kí n sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kì í borí ẹnikẹ́ni kí n má bu oúnjẹ fún un.

Ó ku ibi tí mo ti parọ́. Ti Zuma, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n jíà kìíní tí mo ní ó fi wọ́ wa kọjá, èmi ni mo dá ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé gan-an ni ẹ́ńjìnnì tiwa ti kú. Òórùn ọbẹ̀ ló gòkè ṣáájú wa. Àwọn tó ń fọ́ òkúta gbọ́ ọ, wọ́n sọ òòlù sílẹ̀, wọ́n sáré wá, wọ́n sì tì wá dókè. Fèrè, òótọ́ ni. Orí ẹja, òótọ́ ni. Akọ̀wé kò sì lè sọ pé ọkọ̀ náà kò dé, nítorí ebi ń pa òun náà, òun gan-an ló wà láàárín àwọn tó ń tì í.