Ẹyin Mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ọmú mi òsì. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mo ti ní àfẹ́sọ́nà nígbà náà, olùkọ́ bíi tèmi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀. Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí n wá gbọ́ bí ìtọ́jú náà yóò ṣe lọ, màmá mi ní òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ. Ó ti àwọn adìẹ rẹ̀ mọ́lé, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣáájú mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ó lé ní ogún ọdún tí màmá mi ti ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí a ti ń rí òkè Olóṣùnta. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa ẹyin. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé sì ni: bíṣọ́ọ̀bù ni o, dókítà ni o, "ìwọ" ló máa pè ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni dókítà náà, ó kéré lójú, ojú sì máa ń tì í. Ó ṣàlàyé oògùn tí wọ́n máa fà sí mi lára, èébì tó lè máa gbé mi, àti irun tó máa re. Irun yẹn ni mo bá a fà títí. Nígbà tí a parí ọ̀rọ̀ irun, ó yíjú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó wá ń bá kàlẹ́ńdà sọ̀rọ̀.

"Ohun kan tún wà. Oògùn yìí lè ba ẹyin jẹ́."

"Ẹyin ta ni?" ni màmá mi bi í.

"Ẹyin wọn, Màmá." Ó fi bíírò tọ́ka sí mi. "Gbogbo obìnrin ló ní ẹyin nínú. Tí oògùn bá bà á jẹ́, ó lè ṣòro fún wọn láti bímọ lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan wà ní Ìbàdàn tó lè kó ẹyin náà jáde, kí wọ́n fi pamọ́ sínú òtútù títí ara wọn yóò fi yá."

Láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn náà fún mi, bí mi ò ṣe ní kú nìkan ni mo ń rò. Ọ̀rọ̀ ọmọ kò sí lọ́kàn mi. Ó wá dà bí ìgbà tí ẹnìkan gbá mi létí, tó tún bu omi fún mi mu.

Ṣùgbọ́n màmá mi ti bọ́ sórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ dókítà, ẹyin tó bá ti wọ fíríjì kì í pa mọ́. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó ń pa, ó tàn ọ́ ni."

"Kì í ṣe fíríjì, Màmá. Òtútù rẹ̀ ju ti fíríjì lọ fíìfíì."

"Bí uná bá wá lọ ńkọ́?"

"Kí ló lọ?"

"Iná," ni mo wí. "Iná ni wọ́n ń sọ."

"Háà! Kò nílò iná rárá. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n sọ di omi ni wọ́n ń rì í sí."

Màmá mi rò ó díẹ̀. "Ẹyin tí àkùkọ kò gùn ńkọ́? Ìyẹn kò lè pa láéláé."

Dókítà fò dìde lórí àga. "Ohun tí mo ń wá bí mo ṣe máa bi yín nìyẹn!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò wá lójú. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà: wọ́n lè tọ́jú ẹyin nìkan, wọ́n sì lè kọ́kọ́ pò ó mọ́ àtọ̀ ọkùnrin. Ó ní ṣé mo ní ẹnìkan.

"Ó ní," ni màmá mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò tíì gbé uṣu kan wọ ulé mi. Ẹyin nìkan ni kó o kó."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Èmi ni dókítà kọjú sí. "Ẹ̀yin lẹ ni ara yín."

Èmi náà ní ẹyin nìkan. Bí èmi àti ọkùnrin náà kò bá fẹ́ra mọ́, tèmi á ṣì jẹ́ tèmi. Màmá mi mi orí bí ẹni tó borí ní kóòtù.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ọkùnrin náà. Ó ní ọ̀nà Ìsẹ̀ kò jìn fún ẹni tó bá fẹ́ sá lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìmí: àìsàn, oògùn àti ẹyin.

"Ṣé ó tán?" ni ó bi mí.

"Ó tán."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo ti rò pé o fẹ́ sọ fún mi pé o ti rí ẹlòmíràn." Ó sunkún lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ táyà wò.

Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fún mi, inú ikùn ni wọ́n ń gún un sí, kí ẹyin lè dàgbà. Màmá mi kò gbà kí nọ́ọ̀sì kankan gún mi. Ó ní òun tí òun ti ń gún adìẹ láti ọjọ́ yìí wá! Ó tẹ̀ mí mọ́ àga, ó ní kí n má gbọn ìyẹ́. Kí n má purọ́, kò dùn mí.

Ẹyin mẹ́sàn-án ni wọ́n rí kó ní Ìbàdàn. "Mẹ́sàn-án péré?" ni màmá mi wí. "Kò tó ìdá mẹ́ta kéréètì!" Nọ́ọ̀sì ní mẹ́sàn-án dára. Màmá mi wò mí tàánútàánú, ó ní oúnjẹ mi ni kò dáa tó.

Oògùn náà wá bẹ̀rẹ̀. Irun mi re, mo bì títí. Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbé orí sókè. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì mẹ́nu kan adìẹ rárá.

Ara mi yá. A ṣègbéyàwó. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ń lo oògùn oníhóró, kí àìsàn náà má baà padà. Oṣù tó kọjá ni dókítà ní mo lè dá a dúró fúngbà díẹ̀, ká fi gbìyànjú ọmọ fúnra wa. Bí kò bá bọ́ sí i, Ìbàdàn wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo délé, mo bá ọkọ mi nídìí iyán. Mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó fọwọ́, ó dìde, ó kọrí sí yàrá, iyán ṣì pọ̀ nínú abọ́.

"Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bá dá oògùn dúró la tó lè bẹ̀rẹ̀," ni mo wí.

Ó tún jókòó, ó fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra.