Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Sọ̀kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Ọmọ Mi

Ìgbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yẹn wálé, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń dún. Inísà là ń gbé, èmi àti òun nìkan, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi lẹ́yìn tí àwọn ará ilé ọkọ mi ti ń wò mí bí igi tí kò lè so. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo fi tọ́ ọ. Ó kàwé gboyè, kò ríṣẹ́, ó bá lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkìrun. Inú mi dùn sí i, torí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní í jalè.

Tòkunbọ̀ kékeré ni ọkọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, ẹ̀gbẹ́ kan ti tẹ̀ wọlé. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ohun kan tó ká kóńkó bí ìgbín hàn mí.

"Màámi, tọ́bò nìyí. Èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun náà á sì máa fipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, tí epo náà pọ̀, agbára á pọ̀."

Mo ní, "Ṣé agbára tó ní tẹ́lẹ̀ kò gbé wa dé ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀hún sinmi mọ́. Ó yọ tọ́bò yẹn, ó fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Ó gé sàlẹ́ńsà dànù, tó fi jẹ́ pé bó bá ti ń wọ àdúgbò, àwọn ewúrẹ́ á fọ́n ká, ọmọ jòjòló ilé kejì á figbe ta. Á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn nísàlẹ̀ sítíárì, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, á gbé e jáde, á padà wá, á tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń rù. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni yóò máa sọ títí oúnjẹ á fi tutù.

Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń ná ọjà Òkukù, ló là mí lójú. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń fi mọ́tò sáré ìje lọ́nà Òkukù ní gbogbo Sátidé? Ọmọ yín wà lára wọn o. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń kó àwọn yòókù jọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo bí i. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má fi ìkúnlẹ̀ ṣépè fún òun. Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìgbayè. Baba náà wá, ó bá a wí títí, ó wá yí ọkọ̀ náà po, ó sì béèrè bó ṣe ń sáré tó. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà. Mo gbààwẹ̀. Mo ri kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ́ inú ìrẹsì, ó so wáyà pọ̀, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ti dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ gbá omi òjò sẹ́yìn.

Nígbà tí Sátidé dé, bó ṣe wọ balùwẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀, mo wọ inú rẹ̀, mo di bẹ́líìtì mọ́ra.

Ó jáde, ó rí mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"N kò sọ̀kalẹ̀."

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ò ń lọ ni. Bó bá jẹ́ ikú ni, kó pa wá pọ̀, ọkọ mi. Ta ni mo fẹ́ máa gbé ilé yẹn dè?"

Ó wọ inú ọkọ̀, ó fi ilẹ̀kùn gbá gbàgà, ó wakọ̀ lọ sọ́nà Òkukù.

Ibì kan wà kí á tó dé Òkukù tí ọ̀nà ti nà tọ́ọ́rọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó ara wọn jọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, ariwo wọn rọlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá a díje dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, a ti gbé àga wá fún yín."

"Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn."

Ó wo ọmọ mi, ó mi orí. "Brọ́dà, èmi ò lè fi ẹ̀mí ìyá oníyàá wewu. Ẹ jẹ́ ká fi eré yìí sílẹ̀ lónìí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo rí ojú ọmọ mi. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí i.

Ó yí ọkọ̀ padà sọ́nà ilé. Bí ọ̀nà ṣe ṣófo níwájú wa, ó ní, "Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe, àbí?" Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tọ́bò súfèé, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà di ohun kan ṣoṣo. Mo pe Jésù, mo pe bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ni nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró gbà-gbà-gbà níwájú wa bí ẹni tó ń da òkúta sínú agolo. Èéfín bò wá. Ó rọra darí ọkọ̀ wọ inú koríko, ẹ́ńjìnnì kú.

Epo ẹ́ńjìnnì ń ṣàn sílẹ̀. Ó wò ó, ó jókòó sínú koríko, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mo gbààwẹ̀ lé lórí ti ṣẹ. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ní, "Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀."

Ọlọ́kọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ ló fi okùn fà wá délé. Ọmọ mi di sítíárì mú, mo jókòó tì í.

Kò pẹ́ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti kọ́ṣẹ́ ló ń sùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní mo ti fi ojú ọmọ gbolẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Bóyá òótọ́ ni. Bó bá tún di ọjọ́ náà, màá tún wọ ọkọ̀ ọ̀hún ni.

Ó ti rí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń gbé ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi dání lọ bá a, mo máa ń jókòó sórí táyà, mo ń máàkì. Kò lé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí sídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Atẹ́gùn ló pọ̀ ju epo lọ lọ́jọ́ yẹn, Màámi. Ẹ́ńjìnnì gbóná títí ó fi yọ́ nínú. Ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Mo tẹ́tí. Ó ń dún geere. Mo bi í pé níbo ló fẹ́ gbé e lọ tó bá parí. Ó ń nu ọwọ́, ó ní kí n tètè máa lọ, pé mọ́tò Inísà ti fẹ́ kún.