Ìwàásù Tí Mo Sùn Gbọ́ Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Abẹ

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń wàásù fún mi. Òun ló máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iyere. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń parí sí. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń rántí pé mo níṣẹ́ lóko.

Nígbà tí ìpá dà mí láàmú, òun ló sìn mí lọ sílé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Dókítà obìnrin tó fẹ́ fún mi lóògùn oorun ní mi ò ní mọ nǹkan kan, àmọ́ ọpọlọ á ṣì máa gba ìró wọlé látinú etí. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Ó wá bẹ dókítà pé kó ki okùn etí fóònù náà bọ̀ mí létí nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá ń lọ. Dókítà gbà, ó ní àwọn mìíràn máa ń gbọ́ orin.

Nígbà tí mo jí, ọ̀fun mi gbẹ, abẹ́ ikùn ń ta mí. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró tì mí.

“Kí lo gbọ́?”

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

“Ibi tí mo ti sunkún ńkọ́?”

Ó lọ fẹjọ́ mi sun dókítà. Obìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ìró náà dé inú ọpọlọ mi, ọpọlọ sì dáhùn, àmọ́ apá tó gbà á wọlé kò lè fi jíṣẹ́ fún apá tí ọ̀rọ̀ ń yé.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “bó ṣe ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ọ̀sẹ̀ nìyẹn, wọn kì í sì í fún wa lábẹ́rẹ́.”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, ojú ọgbẹ́ sì fìyà rẹ̀ jẹ mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò rín ní tirẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé, ó sì fìbínú gbàgbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan ló gba ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó ní àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa, kí n má fi òun nìkan sílẹ̀ láyé. Mo gbọ́ ọ dópin.

Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò sọ fún un. Ó lè gba òmíràn sílẹ̀.