Oògùn Tí A Ń Lọ̀ Mọ́ Ẹ̀kọ Mi

Àwọn ọmọ mi ti dá ọjọ́ tí wọn yóò wá kó mi lọ sí Àbújá. Wọn kò bi mí. Ara mi ń gbẹ, aago ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti fẹnu kò pé Kàbà kò lè tọ́jú mi mọ́. Ilé tí mo fi owó ara mi kọ́ ni kí n tì pa, kí n lọ máa wo ògiri nínú yàrá ẹlẹ́yàrá. Mo ní n kò lọ.

Páńkíríásì ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yà ara kan ni tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù. Òun ló ń ṣe èròjà tí ń da oúnjẹ, tó sì ń tú u sínú ìfun. Tèmi ti rẹ̀. Iyán tí mo bá jẹ ń gba inú mi kọjá bí àlejò tí kò jókòó. Dókítà fún wa ní kápúsù tí wọ́n di èròjà náà sí. Àbúrò mi obìnrin, tó ń bá mi gbé, ló gbà á, òun ló sì ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu fún mi. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, n kò sanra.

"Oògùn ò ràn wọ́n," ni àkọ́bí mi obìnrin ń sọ fún àbúrò mi lórí fóònù. "Ọjọ́ orí ni."

Ọjọ́ orí kọ́. Èmi àti páńkíríásì ti mọra tipẹ́. Òun ni mo fi ọdún ìkẹyìn mi ní yunifásítì kọ́, kí iṣẹ́ ìjọba tó gbà mí lọ tí n kò fojú kan maikirosikópù mọ́. Mo ṣì ń rí i bí mo bá dijú: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kún fún àpò kéékèèké tí èròjà wà nínú wọn. Inú àpò yẹn kan díẹ̀, kíkan náà sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí èròjà sùn, kó má baà da ilé tó bí i. Lára àpò, ojú ọ̀nà wà tí àwọn áyọ́ọ̀nù ń gbà wọlé, tí wọ́n ń gbà jáde; èérún iyọ̀ tó ní iná lára ni wọ́n. Bí ti kálísíọ́ọ̀mù bá gbilẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, àpò á lẹ̀ mọ́ ògiri, á ya, á tú ẹrù rẹ̀ síta. Omi iyọ̀ tí kò kan rárá á gbé e dé ìfun, ibẹ̀ ló ti ń jí. Ṣùgbọ́n kíkan àpòlúkù le ju ti àpò wọ̀nyẹn lọ fíìfíì. Kì í mú èròjà sùn. Ó ń pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró ọlọ ní ilé ìdáná. Àbúrò mi ti ṣí kápúsù, ó ń lọ àwọn kóró inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Oògùn yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ fẹ́ kó há yín lọ́fun ni? Báyìí la ṣe fún bàbá wa títí wọ́n fi lọ."

Òótọ́ ni. Nílé wa, ẹni tó bá jẹ́ kí àgbà máa bá odidi oògùn jà lẹ́nu, wọn á ní kò mọ̀tọ́jú.

"O ti ń pa oògùn mi láti ọjọ́ yìí!" ni mo wí. "Wọ́n da nǹkan bo kóró wọ̀nyẹn kí wọ́n lè la kíkan àpòlúkù kọjá láàyè. Ìwọ wá bọ́ ẹ̀wù lára wọn."

"Ẹ wò ó! Ìwé àtijọ́ tí kò fún yín níṣẹ́ lẹ wá fi ń bá mi jà nídìí ọlọ."

"Òun náà ni. Gbé odidi wá."

"Tó bá há yín, ẹ má pè mí o."

"Tó bá há mi, ẹ sin mí sí Kàbà. Kì í ṣe Àbújá."

Kò há mi. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Nígbà tí àwọn ọmọ dé, wọ́n gbé àpò ńlá kan lọ́wọ́ tí wọn yóò fi kó aṣọ mi. Mo jókòó ti iyán. "Okún o," ni mo kí wọn. Àkọ́bí mi di ọwọ́ mi mú, ó fa aago mi wò. Kò yọ̀.

"Bàbá, ara yín ti ń bọ̀ sípò. Àmọ́ ẹ ṣì máa bá wa lọ, àbí?"

Mo gbé odidi kápúsù mì lójú rẹ̀, mo bu òkèlè.

"Iṣu wà lẹ́yìnkùlé," ni mo wí. "Ẹ kó o sínú àpò yẹn. Kò dáa kó padà lófìfo."